Ọdún Tí Gbogbo Pọ́ǹpù Dákẹ́

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà mọ̀ láyé yìí, iṣẹ́ náà sì ni títún pọ́ǹpù ṣe. Kì í ṣe pọ́ǹpù kànga, kì í ṣe ti epo mọ́tò. Pọ́ǹpù adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń lúgọ sínú àpótí kékeré lẹ́yìn ilé, tó ń fa omi jáde nínú adágún, tó ń tì í gba inú asẹ́ kọjá, tó sì ń dá a padà ní mímọ́. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kì í rántí pé ó wà. Ọjọ́ tó bá kú ni wọ́n ń mọ iyì rẹ̀, nígbà tí omi bá di àwọ̀ ewé, tí àwọn ẹ̀fọn sì wá ń fi ibẹ̀ ṣe gbọ̀ngàn ìgbéyàwó.

Ilé mọ́kànlá tó ní adágún ló wà lójú òpópónà gígùn kan tí igi ṣíji bò, gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Etí Ọba ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní etí ọba ń bẹ nílé, etí ọba ń bẹ lóko, kò sì sí ohun tí pọ́ǹpù kan lè máa kùn sábẹ́ ahọ́n tí ọkùnrin yìí kò ní gbọ́ láti ìta géètì. Yóò dúró lójú títì, gígùn rẹ̀ bí ọ̀pá àsíá, yóò tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó fura sí àṣá, yóò ní, "Háà! Èyí ń mu afẹ́fẹ́ mọ́ omi. Ẹ lọ wo ìdérí agbọ̀n tó ń gba pàǹtírí nínú rẹ̀, rọ́bà ibẹ̀ ti sán." Wọ́n á lọ wò ó, rọ́bà á ti sán lóòótọ́.

Gbogbo igbe pọ́ǹpù ló ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ń han fíín-fíín bí ẹ̀fọn, bẹ́ríǹ rẹ̀ ló ń gbẹ, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ tí ọ̀pá ẹ̀ńjìnnì ń yí lé lórí. Tí híhan yẹn bá wá di híha, bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, bẹ́ríǹ ti jẹ dé eegun nìyẹn. Tó bá ń ta pọ́n-pọ́n, nǹkan líle kan ti há sínú abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi. Tó bá sì ń kùn hùùn tí kò yí rárá, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, agbára àtidìde ni kò ní. "Bí ọkọ ọ̀lẹ láàárọ̀," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi bojú wẹ̀yìn bóyá ọkọ wọn wà nítòsí.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Àwọn pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́.

Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ti ra gíríìsì tuntun kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun èlò fún un, gíríìsì aláwọ̀ aró tó ń dán bí ojú ológbò, ó sì ti fi kun bẹ́ríǹ àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méjì ó ṣàkíyèsí pé pọ́ǹpù ilé kẹta ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ti ilé karùn-ún náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, kò sí ọ̀kan tó ń pariwo mọ́ nínú gbogbo wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò bí ọmọ ewúrẹ́. Ó máa ń pe onílé jáde wá síwájú àpótí, á sì na ọwọ́ sí pọ́ǹpù bí ẹni tó fẹ́ fi ìyàwó tuntun hàn.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́!"

Onílé á wo pọ́ǹpù, á wo Etí Ọba, á wo ilẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àbí ẹ gbọ́?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ta ni yóò sọ fún Etí Ọba pé etí òun gbọ́ ohun tí tirẹ̀ kò gbọ́? Obìnrin apòògùn tó ń gbé ilé keje tilẹ̀ gbà pé òun gan-an ló ń ṣàìsàn. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kán oògùn sí etí ara rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, nítorí ó ń gbọ́ ariwo pọ́ǹpù kan tí Bàbá ti ní kò sí.

Kì í ṣe pọ́ǹpù nìkan ló gbọ́n lọ́dún náà. Lójú Etí Ọba, gbogbo ayé ló kọ́ ìwà ọmọlúàbí. Àwọn awakọ̀ ò fun fèrè mọ́. Àkùkọ aládùúgbò ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń sùn. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn, tó sì kọjú sí i, ó ń gbọ́ ohun tó ń sọ, àwọn yòókù sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn yí padà. Aránṣọ ni ìyàwó náà, obìnrin pẹ̀lẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó ṣàdédé di ẹni tó ń jágbe láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń pariwo mọ́ mi?" ọkọ á bi í.

Ìyàwó á yọ abẹ́rẹ́ méjì kúrò lẹ́nu, á wò ó títí. "Ẹ má bínú," á wí bẹ́ẹ̀, á sì dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu kí ọ̀rọ̀ mìíràn má baà jábọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Màmá Tíṣà ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó fi ọdún méjìlá ju Etí Ọba lọ, kò sì sí àgbà tàbí ọmọdé tí kì í bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní kíláàsì kẹta. Gbogbo Sátidé ló ń kọ́ ọmọ mẹ́rìnlá ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú adágún rẹ̀. Kì í lọ sí ìpàdé àwọn onílé, nítorí ó ní òun ti jókòó sí ìpàdé tó tó òun títí dọjọ́ ikú.

Ó dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí pọ́ǹpù, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Tíṣà!"

"Káàárọ̀. Kí lò ń gbọ́?"

Etí Ọba tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Mà."

"Fetí sílẹ̀ dáadáa."

"Ẹ kọ́kọ́ tàn án ná, Mà, kí n wá fetí sí i. Àmọ́ ẹ óò rí i pé bí ẹ bá tàn án pàápàá, ẹ ò ní mọ̀. Gíríìsì tí mo fi sí i yẹn..."

Màmá Tíṣà na ìka kan sí ìdérí agbọ̀n pọ́ǹpù. Ìdérí náà mọ́ gaara bí gíláàsì, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á rí inú rẹ̀. Etí Ọba tẹjú mọ́ ọn. Omi ń yí nínú rẹ̀ bí ìjì, ìfófòó funfun sì ń sáré yíká bí adìyẹ tí wọ́n ń lé.

Pọ́ǹpù náà wà lórí iná.

Ó wo omi tó ń yí. Ó wo Màmá Tíṣà. Ó wá rí i pé òwú funfun wà ní etí obìnrin náà méjèèjì, ó kún dí wọn bọ́ńbọ́n. Ó rí ajá aládùúgbò lórí koríko níwájú, ó ki orí bọ abẹ́ àga, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bo etí mọ́lẹ̀. Ojú ajá náà dàbí ojú ẹni tí wọ́n jẹ níyà láìṣẹ̀.

"Láti ìgbà wo ló ti wà lórí iná, Mà?"

Màmá Tíṣà yọ òwú kan. "Láti aago mẹ́fà àárọ̀ òní. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ igbe lò ń béèrè, ó ti tó oṣù mẹ́fà. Mi ò gbọ́ rédíò mọ́, mi ò gbọ́ ara mi tí mo bá ń gbàdúrà. Mo rò pé o mọ ohun tó ò ń ṣe, nítorí Etí Ọba ni ọ́. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rò ó pé bóyá kì í ṣe pọ́ǹpù ló ń ṣàìsàn nìkan."

Ohun tó ba Etí Ọba lẹ́rù jù kì í ṣe pé ìdákẹ́ náà kò jẹ́ òótọ́. Ó ti gbádùn rẹ̀ ni. Odindi ọdún kan ló fi ń yangàn kiri pẹ̀lú àìsàn ara rẹ̀ bí ẹni tó gba oyè.

"Ọmọ mẹ́rìnlá ń bọ̀ ní Sátidé," Màmá Tíṣà wí, "mi ò sì ní kó wọn sínú omi tó dúró sójú kan. Wí fún mi láìfepo bọyọ̀: ṣé o ṣì lè ṣe iṣẹ́ yìí, àbí kí n wá ẹlòmíràn?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Mà."

Ẹni tí etí bá já jù sílẹ̀, ojú ń bẹ, ọwọ́ ń bẹ, imú ń bẹ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì pọ́ǹpù, ó sì fa ọwọ́ náà padà kíá, nítorí ó gbóná bí ẹyin iná. Ó fi imú sí i, ó gbọ́ òórùn wáyà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rí omi tó ń kán tó-tó-tó síbi tí ẹ̀ńjìnnì ti pàdé ara pọ́ǹpù, kẹ́míkà tó gbẹ sì ti fa ìlà funfun yí ibẹ̀ ká. Ó wo aago tó ń wọn agbára omi lórí asẹ́, ọwọ́ aago náà ti sùn sílẹ̀. Ó rìn lọ síbi ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sínú adágún. Omi tó yẹ kó máa tú jáde bí ẹni tó ń bínú, ńṣe ló ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí itọ́ ọmọ ọwọ́.

Pé pọ́ǹpù ń ṣàìsàn, kò sí àníàní. Ibo gan-an ló ti ń ṣe é ni kò mọ̀. Ibi tí etí rẹ̀ ti máa ń sọ fún un nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ló sì ṣókùnkùn.

Ìfófòó inú agbọ̀n ló fẹ́ kọ́kọ́ wò. Ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì wò bóyá ìdérí náà le dáadáa, nítorí náà ó ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Ó fi eyín há sukurudíráfà rẹ̀, ó sì tẹ̀ ba. Orí sukurudíráfà náà fi ara kan irin pọ́ǹpù.

Àrá ló sán nínú agbárí rẹ̀.

Etí Ọba fò sẹ́yìn, ó fi ìdí jókòó sórí koríko, sukurudíráfà sì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kíá, ìdákẹ́ padà dé. Ó wo sukurudíráfà náà nílẹ̀. Ó mú un, ó fi eyín há a padà, ó rọra rákò lọ bí ológbò tó ń lọ bá ẹyẹ, ó sì fi orí rẹ̀ kan pọ́ǹpù. Igbe náà tún wọlé. Kò gba etí wọlé. Eyín ló gbà, ó gba párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba eegun orí, ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Híha ni! Híha ìdí ìkòkò, híha bẹ́ríǹ tó ti jẹ dé eegun, igbe burúkú tó burẹ́wà jù lọ tó tíì gbọ́ láyé, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ń ké!" Sukurudíráfà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ iṣu gbígbóná. "Màmá Tíṣà, ó ń ké!"

"Ohun tí mo sọ fún ọ nìyẹn."

"Ó ń ké gan-an! Ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ó fẹ́ kú, Mà, ó fẹ́ kú!" Ó dìde, ó jó yí àpótí náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ajá yọ orí kúrò lábẹ́ àga láti wo ohun tó tún dé.

Ó wá fara balẹ̀. Ó fi orí irin náà kan ibi ìhín, ó fi kan ibi ọ̀hún. Níwájú, níbi tí omi ń gbà, ìró náà ń kùn lásán. Lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀ńjìnnì ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀, ibẹ̀ ni igbe ti pọ̀ jù. Ó pa iná.

"Bẹ́ríǹ ẹ̀yìn ló ti lọ, Mà. Rọ́bà tó ń dí omi láàárín náà ti lọ, òun ló ń jo. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ńjìnnì á jóná pátá. Màá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kó tó di Sátidé."

Màmá Tíṣà yọ òwú kejì, ó ká a sínú áńkáṣífù. "O gba máàkì rere. Ilé mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Kí lo ti ń sọ fún wọn?"

Etí Ọba mú sukurudíráfà rẹ̀, ó sì bọ́ sójú títì.

Kò sí irin tí kò fi eyín kàn nígbà tó ń lọ sílé. Ó fi sukurudíráfà gbọ́ ọ̀pá iná, ó ń kùn bí ilé oyin. Ó gbọ́ ọgbà irin ilé-ìwé, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lu ọgbà náà. Obìnrin kan tó ń bọ̀ níwájú rí àgbàlagbà tó ń bu ọ̀pá iná jẹ, ó gba òdìkejì títì lọ. Kò kàn án. Nígbà tó dé yàrá ìránṣọ, ìyàwó rẹ̀ ń ran aṣọ lọ, kò gbójú sókè. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ki eyín bọ etí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀rọ náà dúró.

"Ṣé ebi ló ń pa yín tó báyìí ni?"

"Máa ran án lọ! Máa ran án! Mo ń gbọ́ ọ tàkà-tàkà-tàkà!"

Ó wá yí sukurudíráfà padà, ó há irin rẹ̀ méyín, ó sì rọra fi ìdí onírọ́bà rẹ̀ kan àgbọ̀n ìyàwó rẹ̀. Ó fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀. Obìnrin náà wo ohun tó kàn án lágbọ̀n, ó wo ọkọ rẹ̀ lórí eékún, ó sì fi ohùn rẹ̀ àtijọ́ sọ̀rọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Mo ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún pé etí yín ti ń di. Ẹ ní kí n má pariwo mọ́ yín. Nígbà tí mi ò pariwo, ẹ ò gbọ́. Kí ni ẹ̀dá kan á ṣe?"

Ohùn náà wọ inú orí rẹ̀ bí ìgbà tí omi gbígbóná bá wọ ara tó ti tutù.

"Ohùn rẹ dùn," ó wí.

"Ibẹ̀ náà ló ti wà látọjọ́ yìí." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba inú sukurudíráfà wá bí ẹni tó ń rìn ín ní orí. "Ilé ìwòsàn là ń lọ ní Mọ́ńdè. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àwáwí."

Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọ́n ti gé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Màmá Tíṣà, òwú, ajá, ilé mẹ́wàá. "Tí wọ́n bá gbọ́ pé Etí Ọba ti dití, ta ló máa tún gbé pọ́ǹpù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Iṣẹ́ mi tán nìyẹn. Bí mo bá rọra ń tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mi ò sọ fún ẹnì kankan..."

Ìyàwó rẹ̀ gba sukurudíráfà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì fi ìdí rẹ̀ kan àgbọ̀n ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣìnà.

"Ẹni tí kò gbọ́, tó sì jẹ́wọ́, wọ́n á bá a wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tí kò gbọ́, tó ní òun gbọ́, òun ni kò yẹ kí wọ́n gbé pọ́ǹpù fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Sójà."

Sójà ni alága àwọn onílé òpópónà náà. Ajagun-fẹ̀yìntì ni, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì ń lé ẹyẹ lórí igi. Láti bí oṣù mélòó kan ni àlàfo kan ti wà láàárín eyín àtọwọ́dá tó fi síwájú ẹnu, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bi í léèrè. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú adágún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Etí Ọba dúró níwájú rẹ̀ lẹ́bàá àpótí pọ́ǹpù, ó ṣí fìlà.

"Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín, sà. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Etí mi ti lọ. Kì í ṣe pé àwọn pọ́ǹpù dákẹ́, èmi ni mi ò gbọ́ wọn."

Ó ń retí ìbọn. Sójà wo ojú ọ̀run.

"A mọ̀," ó wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Ta ni kò mọ̀?"

Ó jọ pé Etí Ọba kò gbọ́ ọ dáadáa, nítorí náà ìyàwó Sójà, tó gbé ife tíì lọ́wọ́, súnmọ́ etí rẹ̀. "Bàbá, a ti ṣèpàdé lé e lórí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí yín lójú títì á tẹ àwọn yòókù láago pé ẹ ti ń bọ̀ o. Gbogbo wa á sáré lọ pa pọ́ǹpù, kó lè dákẹ́ lóòótọ́. Kí ojú má baà tì yín ni."

Etí Ọba fi ọwọ́ kan pọ́ǹpù. Kò yí, ṣùgbọ́n ó ṣì gbóná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni. Ó rántí gbogbo ìgbà tó ti dúró níwájú pọ́ǹpù tó kú fin-ín, tó ń ní kí wọ́n gbọ́ bó ṣe dákẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó sáré. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sunkún. Ẹ̀rín ló jáde.

"Ìpàdé tó kọjá," Sójà wí, "mo ní a ò lè máa bá a lọ báyìí, omi wa ti ń di àwọ̀ ewé. Mo ní ká wá ẹlòmíràn. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Mo ní, ẹni tó máa lọ sọ fún Etí Ọba, kó nawọ́ sókè." Ó mi orí. "Mo ti rí ogun rí. Mi ò rí ibi tí ọmọ ogun ti wo àjà tó bẹ́ẹ̀. A sún un sí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí."

"Èmi náà ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ kó tó di Sọ́ńdè, sà." Etí Ọba yọ sukurudíráfà. "Mo ti rí ọ̀nà mìíràn tí mo fi ń gbọ́. Eyín ni."

"Eyín? Eyín wo? Ẹran la fi eyín jẹ!"

"Ẹ dán mi wò."

Ojú Sójà tàn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti rí ohun tó jọ ìdánwò ogun. Ó gba ìborùn ìyàwó rẹ̀, ó fi di Etí Ọba lójú pinpin, ó sì lọ dúró nídìí bọ́tìnnì iná. Etí Ọba kúnlẹ̀, ó há irin méyín, ó fi kan pọ́ǹpù. Tí pọ́ǹpù bá ń yí, á na ọwọ́ sókè. Tó bá dúró, á sọ ọwọ́ sílẹ̀. Sójà tàn án, ọwọ́ lọ sókè. Ó pa á, ọwọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó tàn án pa á tàn án pa á, ọwọ́ ń lọ sókè sódò bí ti ọlọ́pàá ìkóríta. Ó tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì láti tàn án jẹ, ọwọ́ kò mì. Ìyàwó Sójà pàtẹ́wọ́, tíì dà sí i lẹ́sẹ̀, kò bìkítà.

"Ẹ tàn án, ẹ fi sílẹ̀," Etí Ọba wí, ó ṣì di ojú. "Ẹ dákẹ́ ná. Bẹ́ríǹ yín dáa. Nǹkan mìíràn ló wà ńbẹ̀. Ó ń ta pọ́n-pọ́n-pọ́n. Nǹkan líle kan há sínú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òkúta, òkúta máa ń ha. Èyí ń fò bí àgbàdo nínú agolo."

Ó tú ìborùn, ó ní kí wọ́n pa iná láti ìdí mítà, ó ṣí ìdérí. Agbọ̀n tó yẹ kó máa gba pàǹtírí ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ ọ́, ó ki ẹ̀mú bọ ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà, ó fọwọ́ kàn, ó yí i, ó fà á. Nǹkan kékeré funfun kan jáde lẹ́nu ẹ̀mú. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ síwájú wò ó.

Eyín ni.

Sójà pa ẹnu dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ṣebí ẹ ní ẹ gbé e mì ni!" ìyàwó rẹ̀ ké. "Ẹ ní ẹran tí mo sè ló le! Oṣù mẹ́rin! Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń se ẹran títí á fi di ẹ̀kọ, ẹ̀yin lẹ sì bẹ́ sómi tẹ́ ẹ la ẹnu sílẹ̀!"

Ẹ̀rín gbé e, ó jókòó sórí páìpù. Etí Ọba fi fìlà bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Sójà dúró gbagidi bí ẹni tó ń gba ìkíni. Ó mú eyín náà, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó kì í bọ àpò àyà, ó sì di bọ́tìnnì àpò náà bí ìgbà tí wọ́n bá fi àmì ẹ̀yẹ pamọ́.

"Etí Ọba."

"Sà."

"Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè ti kú. Ìwọ náà ni yóò máa tọ́jú wọn. Àmọ́ mi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ìwọ fúnra rẹ ló máa lọ láti géètì dé géètì, kó tó di ọ̀sán yìí. Ohun tó o sọ fún mi ni kó o sọ fún wọn. Ohun tó wà nínú agbọ̀n mi, ìyẹn ni kó o má sọ."

Etí Ọba dé fìlà, ó sì jáde. Lójú títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kan ilẹ̀. Etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ sì ń pariwo tó ti ọjà. Ilé mẹ́sàn-án ló kù, àfi bí ẹni pé ilé mẹ́sàn-án yẹn ń pè é wá jẹun. Ibo ló kù tó ń bẹ̀rù? Ó gba ọ̀dọ̀ apòògùn lọ, torí ilé rẹ̀ ló súnmọ́ jù.

Ó yọjú láàárín irin géètì. Ẹnì kan ti tẹ obìnrin náà láago ṣáájú rẹ̀. Ó rí i tó jáde láti ilé ìdáná, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, bàtà kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń sáré àsápajúdé gba orí koríko lọ sídìí pọ́ǹpù, ó ti na ìka síwájú láti tẹ bọ́tìnnì.

Etí Ọba fi ọwọ́ méjèèjì gbá géètì mú, ó mì í jìgìjìgì.

"Ẹ má pa á o!" ó kígbe, igbe tí gbogbo òpópónà gbọ́, àyàfi òun. "Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á! Etí mi ti di, mo ti mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ké! Mo wá gbọ́ ọ ni!"

Obìnrin náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnnì, ọṣẹ ń kán. Ó wo ọkùnrin gígùn tó ń fi géètì jó. Lẹ́yìn náà ó yọ ìka kúrò, ó nu ọwọ́ mọ́ ìdí aṣọ, ó sì ń bọ̀ wá ṣí géètì pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan.